Bí ẹ ṣe máa activate Windows lórí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ti ọ́fíìsì wá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra Dell Latitude àti HP EliteBook tòkunbọ̀ ní Computer Village, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fún ẹnikẹ́ni lówó key o, ìyẹn lẹ́tà àti nọ́ńbà tí wọ́n fi ń activate Windows, kí Microsoft lè gbà pé ojúlówó ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti ní key tiẹ̀ nínú. Látìgbà Windows 8 ni àwọn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ti ń kọ ọ́ sínú BIOS, ìyẹn ètò kékeré tó wà lórí bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà, kò sí bí wọ́n ṣe fọ́máàtì ẹ̀ tó, kò ní parẹ́. Ẹ ṣí PowerShell (ibi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún Windows), kẹ́ ẹ tẹ èyí:

(Get-CimInstance SoftwareLicensingService).OA3xOriginalProductKey

Tó bá gbé lẹ́tà àti nọ́ńbà 25 jáde, ó ti bọ́ sí i nìyẹn. Tí ò bá gbé nǹkan kan jáde, ẹ dojú ẹ̀ dé, kẹ́ ẹ wò ó bóyá sítíkà Microsoft wà nídìí ẹ̀. Àmọ́ key Windows 7 àti 8, Microsoft ti tilẹ̀kùn ẹ̀ ní 2023, kò ṣí Windows 10 tàbí 11 mọ́, torí náà èyí tó bá Windows 10 jáde ni kẹ́ ẹ wá.

Ẹ wá tẹ slmgr /dli sínú PowerShell, á fi irú key tí Windows ń lò hàn yín. OEM_DM dáa, key inú BIOS nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí KMSCLIENT, ẹ ṣọ́ra gan-an, key iléeṣẹ́ ńlá nìyẹn, ọjọ́ 180 péré ló máa ń lò tí ò bá rí sáfà (kọ̀ǹpútà àgbà) ọ́fíìsì ẹ̀, ọ́fíìsì ọ̀hún sì wà ní London, ẹ̀yin wà n'Íkẹjà, ibo ló ti fẹ́ rí i? Àbí kó jẹ́ activator ayédèrú lẹni tó tà á fi ṣe é, ìyẹn tún burú jù, torí vírọ́ọ̀sì ló máa ń bá a wọlé.

Edition (ẹ̀yà Windows, bíi Pro tàbí Enterprise) ló máa ń da èèyàn láàmú jù. Key Pro ló wà nínú BIOS, ọ́fíìsì ti fi Enterprise sórí ẹ̀, key Pro ò sì lè activate Enterprise. Ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì yín kúrò, ẹ fi Media Creation Tool ti Microsoft gbé Windows sórí flash 8GB, kẹ́ ẹ install ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, fúnra ẹ̀ ló máa mú Pro. Tẹ́ ẹ bá ti tan hotspot fóònù sí i, á activate ara ẹ̀, ẹ lè wò ó ní Settings, System, Activation tó bá jẹ́ Windows 11, tàbí Settings, Update & Security, Activation tó bá jẹ́ Windows 10.

Tó bá jẹ́ pé bẹ́ ẹ ṣe tan hotspot báyìí ló gbé orúkọ kọ́ńpìnnì kan jáde, tó ní kẹ́ ẹ fi ímeèlì ibẹ̀ wọlé, wọn ò tíì yọ ọ́ kúrò lórúkọ wọn nìyẹn, kò sí key tó lè tún un ṣe. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, kó fún yín ní òmíràn.