Bí a ṣe ń ran ajá tí ẹ̀rù ń bà lọ́wọ́, láti ọ̀dọ̀ aránṣọ kan ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin

Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọmọ ọdẹ ni mí, ẹnu bàbá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ òwe yìí. Àwọn àgbà fi ń bá ọmọ aláìgbọràn wí, ṣùgbọ́n bàbá mi, tó mọ ajá dáadáa, máa ń sọ fún wa pé kì í ṣe gbogbo ajá tí kò dáhùn fèrè ló jẹ́ olóríkunkun. Ẹ̀rù a máa di ajá létí. Ajá tí àyà rẹ̀ ti já, tó ń gbó, tó ń fa okùn, tó ń fò mọ́ ọlọ́kadà, kò gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ nígbà yẹn. Ẹ gbé ẹran sí i lẹ́nu, kò ní jẹ ẹ́. Igbe kò lè ṣí irú etí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ mú un jìnnà sí ohun tó ń dẹ́rù bà á, títí yóò fi lè jẹun. Ibi tó bá ti lè jẹun ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ di ọ̀rọ̀ yìí mú, nítorí òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tó kù.

Ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí títì. Zẹ́mìjàn, ìyẹn ọlọ́kadà wa, ń kọjá, ọmọ iléèwé ń kọjá, ewúrẹ́ ń kọjá, oníbàárà ń wọlé wá kí n lè wọn wọ́n. Tanímọ̀la, ajá mi, ti dàgbà kó tó dé ọwọ́ mi, kò sì sí ọ̀kan nínú gbogbo wọn tí kì í gbó mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 14 tí wọ́n bí ọmọ ajá ni ó máa ń kọ́ ohun tó yẹ kó fọkàn tán láyé. Èyí tí kò rí àlejò nígbà náà, tí kò gbọ́ ìró alùpùpù, tàbí tí wọ́n fi pàṣán tọ́ dàgbà, ojora kì í sábà kúrò lára rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó ṣeé ràn lọ́wọ́ síbẹ̀, bó bá tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ kọ́ bí a ṣe ń ka ara ajá. Kí ó tó gbó, ó ti sọ̀rọ̀ tipẹ́. Á máa lá ètè nígbà tí kò sí oúnjẹ nítòsí, á máa yán nígbà tí oorun kò kùn ún, á yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí funfun ojú rẹ̀ á hàn, etí á lẹ̀ mọ́ orí, ìrù á wọ abẹ́ itan. Lẹ́yìn náà ni yóò dúró gbagidi, tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ á nà. Ìdúró gbagidi yẹn ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù lọ, nítorí ohun tó máa ń tẹ̀ lé e ni ìfò tàbí ìgéjẹ. Bí ajá bá kùn sí yín, ẹ má nà án. Ìkìlọ̀ ló ń ṣe. Ẹni tó bá na ajá nítorí pé ó kùn ń kọ́ ọ pé kó máa géni jẹ láìkìlọ̀ ni.

Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ ajá tó ti jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tẹ́lẹ̀ tó kàn yí padà lójijì. Etí tó ń ro ó, eyín tó ti bàjẹ́, oríkèé tó ń dùn ún, gbogbo rẹ̀ lè sọ ajá di oníjà. Àbẹ́rẹ́ dìgbòlugi náà kò ṣeé fi ṣeré.

Ohun èlò kò pọ̀. Mo ran okùn àyà fún Tanímọ̀la fúnra mi. Okùn fífẹ̀ tí a ń lò fún àpò iléèwé ni mo fi rán an, èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5. Mo ra òrùka irin lọ́wọ́ ẹni tó ń tún bàtà ṣe. Ó yí àyà ká, ó gba ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú kọjá, ìka méjì sì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀ nírọ̀rùn. Ìdí tí n kò fi lo okùn ọrùn fún ẹ̀kọ́ yìí ni pé bí ajá bá fà, ọrùn á fún un, ìrora ọ̀fun á sì dara pọ̀ mọ́ ohun tó ń wò nínú ọkàn rẹ̀. Okùn tí ẹ ó dì mú kò gbọdọ̀ ju mítà 3 lọ, kó má baà dé ojú títì.

Oúnjẹ ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ dùn ju oúnjẹ ojoojúmọ́ lọ. Ajá tó jẹ àkàsà yó láàárọ̀ kò ní ṣiṣẹ́ nítorí àkàsà lọ́sàn-án. Wàgáṣì, ìyẹn wàrà dídì tí àwọn ìyá Fúlàní ń gbé kiri, ni tiwa, mo máa ń gé e wẹ́wẹ́ tó èékánná ìka kékeré. Inú ajá mìíràn kì í gba wàrà, nítorí náà ẹ fi díẹ̀ dán an wò ná. Ẹ̀dọ̀ adìyẹ bíbọ̀ dára, ẹja gbígbẹ tí a ti yọ eegun rẹ̀ dára. Ẹ má fi àlùbọ́sà bọ̀ ọ́ o, májèlé ni fún ajá, bẹ́ẹ̀ náà ni ṣokoléètì. Ẹ sì dín oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ kù ní ìwọ̀n ohun tó ti jẹ nídìí ẹ̀kọ́.

Nínú ilé ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí kò sí wàhálà. Ẹ yan ọ̀rọ̀ kúkúrú kan. "Ó dáa" ni tèmi. Ẹ sọ ọ́, kí ẹ sì fún un ní ẹran lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ tún un ṣe léraléra títí ajá á fi máa yíjú wá wò yín bó bá ti gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ẹ kọ́ ọ ní "Yà!" Ẹ máa rìn lọ nínú àgbàlá, ẹ sọ "Yà!", ẹ yí ẹ̀yìn padà pẹ̀lú ayọ̀, kí ẹran sì wà lọ́wọ́ yín bó bá ti tẹ̀ lé yín. Ẹ sọ ọ́ di eré. Lọ́jọ́ tí ewúrẹ́ bá yọ sí yín lójijì ní kọ̀rọ̀ ilé, eré yìí ni yóò gbà yín, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti yí padà kí ọkàn rẹ̀ tó rò ó.

Iṣẹ́ títì ló kàn, ó sì yẹ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́. Mo máa ń lo àwọn ọmọṣẹ́ mi. Ọ̀kan á dúró ní òdì kejì pápá, èmi àti Tanímọ̀la á wà lókèèrè. Mo fi ṣọ́ọ̀kì tí a fi ń sàmì sí aṣọ fa ìlà sílẹ̀ níbi tí ajá ti rí ọmọ náà tí ó sì ṣì lè jẹun. Ọmọṣẹ́ á yọ, ajá á wò ó, màá ní "Ó dáa", màá fún un ní wàgáṣì, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ọmọ náà á fi wọlé padà. Bó bá ti wọlé, oúnjẹ parí. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí ṣe pàtàkì gan-an: ohun tó ń dẹ́rù bà á gbọ́dọ̀ yọ ná, kí oúnjẹ tó tẹ̀ lé e. Ivan Pavlov, ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú, fi hàn pé bí ìró kan bá ń ṣáájú oúnjẹ nígbà gbogbo, itọ́ ajá á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nígbà tó bá gbọ́ ìró náà, kí oúnjẹ tilẹ̀ tó dé. Ohun tí a ń wá gan-an nìyẹn: kí àlejò di ẹni tó ń mú wàgáṣì wá. Bí ẹ bá kọ́kọ́ fún un lóúnjẹ kí àlejò tó yọ, ajá á bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí oúnjẹ gan-an.

Ẹnu rẹ̀ ni òṣùwọ̀n yín. Bó bá fi ètè rọra gba ẹran lọ́wọ́ yín, ó wà níbi tó dára. Bó bá ń já a gbà tí eyín ń kan ìka yín, ẹ ti fẹ́ dé etí ààlà. Bó bá kọ̀ láti jẹ, ẹ ti súnmọ́ jù, ẹ padà sẹ́yìn láìbínú. Lọ́jọ́ tó bá wo ọmọ náà, tó sì yíjú padà sí yín fúnra rẹ̀ bí ẹni ń béèrè pé ẹran dà, ẹ fa ìlà ṣọ́ọ̀kì mìíràn sí iwájú díẹ̀. Ìṣẹ́jú 3 sí 5 tó fún ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ dáwọ́ dúró nígbà tó ṣì ń ṣe dáadáa.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti alùpùpù. Kó kọ́kọ́ dúró jẹ́ẹ́, kí ẹnì kan jókòó lé e, kí ó tan ẹ́ńjìnnì, kí ó rìn díẹ̀díẹ̀, kí ó tó sáré. Nígbà kúùgbà tí ẹ bá fi ohun kan kún un, ẹ tún sún sẹ́yìn, torí alùpùpù tó ń rìn kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú èyí tó dúró. Mo rí àwọn tí wọ́n ń wọ́ ajá lọ sídìí ohun tó ń bà á lẹ́rù pé kó lè mọ́ ọn lára. Ó ń dùn mí púpọ̀. Ajá tó dákẹ́ níbẹ̀ kò tíì fara mọ́ ọn, ó ti sọ ìrètí nù ni.

Fún inú ṣọ́ọ̀bù, ẹní ni. Mo gé ẹní àtijọ́ kan, mo ká a létí, mo tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ máṣínì. Bí ajá bá gbẹ́sẹ̀ lé e, ẹran á bọ́ sórí ẹní náà. Bó bá jókòó, òmíràn. Bó bá sùn lé e, ẹ máa ju díẹ̀díẹ̀ sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó bá ti mọ ẹní náà sí ibi ìsinmi, ẹ lè ká a lọ sí ibikíbi, á mọ ibẹ̀ sí ilé.

Àlejò kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, kò gbọdọ̀ tẹjú mọ́ ọn, kò gbọdọ̀ na ọwọ́ lé e lórí. Mo máa ń sọ fún àwọn ìyá tó wá gba aṣọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀." Inú máa ń bí àwọn mìíràn, ṣùgbọ́n ajá tí a kò kí ló máa ń wá kíni fúnra rẹ̀. Bó bá wá, kí wọ́n fi ọwọ́ pa á láyà fún ìṣẹ́jú àáyá 3, kí wọ́n sì dá ọwọ́ dúró. Bó bá tún súnmọ́, ó fẹ́ sí i. Bó bá kúrò, ó ti tó. Ọmọdé ní tiwọn kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú irú ajá yìí rárá.

Ẹ jẹ́ kó lo imú. Nígbà tí oòrùn bá rọ̀, mo máa ń fọ́n ẹja gbígbẹ díẹ̀ sínú koríko ẹ̀yìn ilé, kó máa fi imú wá a. Ara rẹ̀ á rọlẹ̀, èémí rẹ̀ á balẹ̀. Ìrìn tí ajá ti ń gbóòórùn bó ṣe wù ú sàn fún un ju ìsáré gígùn lọ.

Ti ariwo ṣòro ní ìlú wa. Òru Ẹ̀fẹ̀ ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lè mọ́ lójú ìlù, àwọn ọmọ a máa yin pétà tó ń dún gbàù ní ọdún tuntun, bẹ́ẹ̀ ni ọdún ìṣẹ̀ṣe ti oṣù kìn-ín-ní tún wà nítòsí. Etí ènìyàn ń gbọ́ ìró dé nǹkan bí 20,000 hertz (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe tín-ín-rín tó), ti ajá dé nǹkan bí 45,000. Ẹ gba ohùn ìlù sínú fóònù ní oṣù mélòó kan ṣáájú, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nígbà tó bá ń jẹun, kí ẹ sì máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ẹ mú un wọ yàrá inú, ẹ ti fèrèsé, ẹ ta aṣọ sójú rẹ̀, ẹ fi omi sílẹ̀. Bó bá wá fara ti yín, ẹ gbá a mọ́ra. Àwọn kan ní ìyẹn á kọ́ ọ láti bẹ̀rù sí i; irọ́ ni, ẹ̀rù kì í pọ̀ sí i nítorí ìtùnú. Ajá tí ariwo ń mú gbọ̀n rìrì lè nílò oògùn láti ọwọ́ dókítà ẹran. Ẹ má fún un ní oògùn ènìyàn, ibuprofen lè pa á.

Ẹ má fi ata sóúnjẹ ajá kó lè rorò, ẹ má sì fi ṣẹ́ẹ̀nì so ó mọ́lẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Ẹ̀yin gan-an náà, ẹ wo ọwọ́ yín. Bí ẹ bá rí alùpùpù lókèèrè tí ẹ di okùn mú gírígírí tí ẹ sì mú èémí dúró, ajá ti mọ̀ pé ewu ń bọ̀. Ẹ tú èjìká sílẹ̀, ẹ mí jáde, ẹ jẹ́ kí okùn rọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ tí nǹkan burú, ẹ má mú un jáde lọ́la. Ìpayà kì í tán lára ajá ní wákàtí kan. Ẹ jẹ́ kó sùn, kó wá ẹja nínú koríko.

Bí ajá yín bá ti ń géni jẹ, ẹ kọ́ ọ láti máa wọ ìbo-ẹnu tó rí bí apẹ̀rẹ̀, èyí tó lè mí tó sì lè mu omi nínú rẹ̀. Ẹ fi ẹran sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó fúnra rẹ̀ ki ẹnu bọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ẹ tó dè é. Ẹni tí ajá bá gé jẹ, tiyín ni o tàbí ti ẹlòmíràn, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí bí àmì dìgbòlugi bá ti yọ lára ènìyàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ohun tí dókítà lè ṣe mọ́. Ẹ má pa ajá náà. Ẹ so ó mọ́lẹ̀, kí dókítà ẹran lè ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10, kí ẹ sì fi ìwé àbẹ́rẹ́ rẹ̀ hàn án.