lmer ń kìlọ̀ "singular fit" lórí ìfúnpá tí a wọ̀n léraléra: kí ni ká ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aláìsàn 120 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru la wọn ìfúnpá wọn lọ́jọ́ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀, ní oṣù 6 àti oṣù 12. Ìdajì ń lo oògùn tuntun, ìdajì ń lo ti tẹ́lẹ̀. Mo lo lmer, irinṣẹ́ inú R (ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà) fún ohun tí a wọ̀n léraléra lára ẹnì kan:

m <- lmer(ifunpa ~ osu * oogun + (1 + osu | id), data = d)

Ó ní "boundary (singular) fit". Ṣé kí n kàn fi t-test (ìfiwéra ìpíndọ́gba ẹgbẹ́ méjì) wo oṣù 12?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. T-test yóò ju ẹni tí kò wá ní oṣù 12 nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti wọn tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ìkìlọ̀ yẹn ń sọ ni pé ìbéèrè yín pọ̀ ju ohun tí dátà lè dáhùn. Ẹ fẹ́ mọ ibi tí oníkálukú ti bẹ̀rẹ̀, bí tirẹ̀ ṣe ń yí padà lóṣooṣù, àti bí méjèèjì ṣe so pọ̀; ìwọ̀n mẹ́ta péré lẹ sì ní fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ id (nọ́ńbà aláìsàn) wò. Bí ilé ìwòsàn méjì bá ní aláìsàn 001, R á kà wọ́n sí ẹnì kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ VarCorr(m) láti rí bí àwọn aláìsàn ṣe yàtọ̀ síra. Bí Corr (ìsopọ̀ ibi tí oníkálukú ti bẹ̀rẹ̀ àti bí tirẹ̀ ṣe ń yí padà) bá jẹ́ 1 tàbí -1, ẹ gbìyànjú (1 + osu || id), tó ń gé ìsopọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ibi tí ẹ bá fi oṣù 0 sí ń yí àbájáde rẹ̀ padà. Bí Std.Dev. ti osu (bí ìyípadà oṣooṣù ṣe yàtọ̀ láàárín àwọn aláìsàn) bá ti di 0, ẹ lo (1 | id), tó ń fi ibi ìbẹ̀rẹ̀ nìkan sílẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ nínú ìròyìn yín.

Ìbéèrè: Nígbà mìíràn R ń sọ pé "number of observations <= number of random effects" (iye ìwọ̀n kò ju iye ohun tí a ń wá lọ). Èyí ńkọ́?

Ìdáhùn: osu ti di factor, ìyẹn ẹ̀ka dípò nọ́ńbà, R sì ń wá iye mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ ọ́ di nọ́ńbà.

Ìbéèrè: Àwọn kan ò padà wá ní oṣù 12. Ṣé kí n fi ìwọ̀n oṣù 6 wọn dí àlàfo náà?

Ìdáhùn: Rárá o! Ìyẹn ń sọ pé ìfúnpá wọn dúró sójú kan látọjọ́ tí wọ́n ti lọ, ó sì ń ka àdàkọ sí ìwọ̀n tòótọ́. Ẹ fi àlàfo náà sílẹ̀. Lmer á lo ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Èyí tọ̀nà bó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ ti wọ̀n ṣáájú ló ṣàlàyé ìdí tí wọn ò fi wá. Bí ẹ bá fura pé àwọn tí ara wọn le sí i lẹ́yìn oṣù 6 ló jókòó sílé, ẹ fi mice (irinṣẹ́ R tó ń fojú bu ìwọ̀n tó sọnù) dí àlàfo náà nígbà tí dátà ṣì wà ní ìlà kan fún aláìsàn kan, kí ẹ fi 2, 5 àti 10 mmHg kún iye tí mice fún àwọn tó ń lo oògùn tuntun, kí ẹ wá tún ìṣirò ṣe. Bí ìyàtọ̀ oògùn méjèèjì bá ti pòórá ní 2 mmHg, àbájáde yín kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀.