Bí mo ṣe fi ọ̀nà mẹ́ta wé ara wọn kí n tó so àgbọ̀n tó kán

Ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ abẹ ẹnu àti ojú, orí ọ̀kadà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí egungun àgbọ̀n wọn kán ti ṣubú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọlọ́kadà kan tí wọ́n gbé wá bá wa ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ kán ní apá òsì, eyín méjì ti yọ dànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó kán, eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò sì pàdé mọ́ bó ṣe yẹ. Owó irin pẹlẹbẹ tí à bá fi de eegun náà nínú ju agbára rẹ̀ lọ, nítorí náà ohun tó kù ni kí a fi wáyà so àgbọ̀n òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ títí eegun yóò fi jinná. Ọ̀gá mi gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní kí n kọ́kọ́ fi òpin ọ̀sẹ̀ yẹn gbé ọ̀nà mẹ́ta yẹ̀ wò lórí àwòṣe eyín tí a fi P.O.P. mọ, kí n sì wá sọ èyí tó yẹ ọkùnrin náà fún òun ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, pẹ̀lú ìdí rẹ̀.

Mo gé àwòṣe ìsàlẹ̀ sí méjì níbi tí ti aláìsàn náà ti kán, mo yọ eyín méjì kúrò lára rẹ̀, mo sì fi ìda so ó padà kí ó lè máa mì bí eegun tó kán ṣe ń mì.

Ọ̀nà wáyà olójú, èyí tí oníṣẹ́ abẹ Robert Ivy kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1922, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. A ó gé wáyà irin tí kì í dípẹtà, tó nípọn tó ìdajì mìlímítà, ní bí i sẹ̀ǹtímítà 15. A ó fà á díẹ̀ kí ó má baà dẹ̀ tó bá pẹ́ lẹ́nu. A ó sì lọ́ àárín rẹ̀ kí ó di ojú kékeré. Etí rẹ̀ méjèèjì yóò gba àárín eyín méjì tó fara kanra wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò yí eyín tirẹ̀ ká, ọ̀kan yóò gba inú ojú kékeré yẹn kọjá, a ó wá lọ́ wọn pọ̀ níta. Wáyà mìíràn ni yóò so ojú ti òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí gidigidi, nítorí pé wáyà nìkan ló ń ná aláìsàn, ó sì yá ju bí mo ṣe rò lọ. Àmọ́ eyín méjì tó dúró gbọn-in tó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló ń fẹ́, ibi tí mo sì ti nílò rẹ̀ jù ni eyín ti yọ. Kò sí ohun tó dá apá méjèèjì tó kán dúró ju ìda mi lọ.

Ọ̀nà kejì ni ti ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ìkọ́, èyí tí John Erich gbé jáde ní ọdún 1942 tí a ṣì ń pè ní arch bar. A ó tẹ̀ ẹ́ kí ó bá ìlà eyín mu, ìkọ́ ti òkè yóò kọjú sókè, ti ìsàlẹ̀ yóò kọjú sísàlẹ̀, a ó sì fi wáyà de eyín kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn. Ó gbà mí ju wákàtí kan ààbọ̀ lọ. Wáyà gún mi níka lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ronú ohun tí ìyẹn ì bá jẹ́ bí ó bá jẹ́ pé ẹnu tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, ìbọ̀wọ́ méjì ni mo máa ń wọ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà tí mo parí, eyín kò pàdé. Mo ti de ọ̀pá náà pinpin ní apá méjèèjì kí n tó to ibi tó kán, ọ̀pá sì ti di ìwọ́kuwọ̀ọ́ mú. Mo tú gbogbo rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, mo dẹ wáyà apá òsì sílẹ̀, mo mú eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ pàdé ná, lẹ́yìn náà ni mo tó fún un.

Ọ̀nà kẹta, ti súkúrù tí a ń kàn mọ́ eegun òkè àti ti ìsàlẹ̀ kí wáyà lè so wọ́n pọ̀, èyí tí Arthur àti Berardo kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1989, kò ṣeé dán wò dáadáa lórí P.O.P. Mo gbé àwòrán X-ray ọkùnrin náà síwájú, mo sì fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí mẹ́rin yóò wọ̀. Yíyá rẹ̀ kò ní àfiwé, wáyà tó lè gúnni kò sì pọ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, gbòǹgbò eyín wà nítòsí gbogbo àmì tí mo ṣe, iṣan tó ń jẹ́ kí ètè ìsàlẹ̀ mọ nǹkan lára sì ń jáde nítòsí ìsàlẹ̀ eyín kejì tó wà lẹ́yìn eyín ṣóńṣó. Bí mo bá tilẹ̀ yẹra fún gbogbo wọn, súkúrù mẹ́rin kò ní so apá eegun kan mọ́ èkejì lẹ́bàá ibi tó kán. Àwọn tí ibi tó kán lára wọn kò yẹ̀ púpọ̀ ni mo rò pé ó yẹ. Èmi kò ní lò ó fún ọmọdé tí eyín rẹ̀ ṣì wà nínú eegun.

Arch bar ni mo mú lọ bá Ọ̀gá ní ọjọ́ Ajé. Ó bi mí léèrè ìdí tí n kò fi lo ti Ivy ní apá ọ̀tún tí eyín pé sí. Mo ní ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ gùn kọjá ibi tó kán kí ó tó lè dì í mú, ó sì gbà.

Abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ẹnu kú ni a gún un, lórí àga, láìmú un sùn. Ọ̀gá di àgbọ̀n mú, èmi ń lọ́ wáyà, gbogbo rẹ̀ ní ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń gbà yí, kí ẹnikẹ́ni tí yóò tú u lè mọ ibi tí yóò yí i sí. Ìyàwó rẹ̀ bi mí pé, "Dókítà, tó bá fẹ́ bì ńkọ́?" Mo fún un ní ẹ̀mú tí a fi ń gé wáyà, mo fi àwọn wáyà tó so òkè mọ́ ìsàlẹ̀ hàn án, mo ní ìwọ̀nyẹn nìkan ni kí wọ́n gé, kí ẹ̀mú náà má sì jìnnà sí ọkọ rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ògì tí wọ́n po ẹyin àti mílíìkì mọ́, omi ẹja àti gbẹ̀gìrì tí wọ́n sẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀. Síbẹ̀ ó rù, mo sì máa ń wọn ìwúwo rẹ̀ nígbàkigbà tó bá wá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a tú u. Ìka ọwọ́ rẹ̀ kan péré ló kọ́kọ́ wọ ẹnu rẹ̀, nítorí pé ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti le. Mo kọ́ ọ bí yóò ṣe máa la ẹnu díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà tó padà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó to ìka mẹ́ta jọ, ó fi wọ́n sáàárín eyín rẹ̀ níwájú mi, ó yọ wọ́n, ó sì pa ẹnu dé. Eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ pàdé.