Bí a ṣe tọ́jú màámi nílé lẹ́yìn tí wọ́n yọ gẹ̀gẹ̀ ọrùn wọn

Gẹ̀gẹ̀ yẹn ti wà lọ́rùn màámi tipẹ́, kí wọ́n tó bí àbúrò mi ló ti ń yọ díẹ̀díẹ̀, ìborùn ni wọ́n fi ń bò ó tí wọ́n bá ń lọ sọ́jà Ọjẹ́, kò dùn wọ́n, torí ẹ̀ ni kò ṣe sẹ́ni tó kà á sí. Ìgbà tó wá di pé wọn ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, tí àmàlà ń há wọn lọ́fun, lèmi àti ẹ̀gbọ́n mi ní ó tó gẹ́ẹ́, ọsibítù yá.

Wọ́n ya skáànì ọrùn, wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ níbẹ̀ láti mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ ni (kì í ṣe jẹjẹrẹ, alhamdulillah), wọ́n sì gba ẹ̀jẹ̀ fún TSH, T3 àti T4, àwọn hòmónù (ohun tí ara ń ṣe láti darí iṣẹ́ inú rẹ̀) tó ń fi hàn bí táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara ọrùn tó wú di gẹ̀gẹ̀ yẹn, ṣe ń ṣiṣẹ́. Tiwọn jẹ́ èyí tó ń ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, àyà wọn ń lù kìkìkì, ọwọ́ ń gbọ̀n, wọ́n ń jẹun dáadáa síbẹ̀ wọ́n ń rù. Wọn ò là á lójú ẹsẹ̀ o. Oògùn méjì, carbimazole àti propranolol, ni wọ́n kọ́kọ́ fi rọ̀ ọ́ wálẹ̀, dókítà ní táwọn bá fọ̀bẹ kàn án bó ṣe wà yẹn, hòmónù lè ya bo gbogbo ara lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn sì lè gba ẹ̀mí. Wọ́n tún fi kámẹ́rà kékeré wo ọ̀fun wọn torí iṣan tó ń darí ohùn, ẹ̀yìn táírọ́ìdì ló gbà kọjá.

Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, nọ́ọ̀sì ní kí n máa wo ọrùn wọn, tó bá ń wú tàbí tí wọn ò bá lè mí dáadáa kí n pariwo, ì báà jẹ́ ààjìn, torí ẹ̀jẹ̀ lè dúró sábẹ́ ojú abẹ kó sì tẹ ọ̀nà èémí pa, wákàtí 24 àkọ́kọ́ nìyẹn sì máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Mi ò sùn. Ohùn wọn há, ó sì bà wọ́n nínú jẹ́, ẹni tó jẹ́ pé ohùn ni wọ́n fi ń polówó aṣọ òkè, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló padà.

Lẹ́yìn táa délé ni wọ́n ní àyíká ẹnu àti orí ìka àwọn ń ṣe bí ìgbà téèrà ń rìn níbẹ̀, iṣan ọwọ́ sì ń fà. Ìyá kan ládùúgbò ní ayé ni, ká gbé wọn lọ ibì kan. Mo ní rárá mà, torí wọ́n ti sọ fún wa ní ọsibítù pé kóró mẹ́rin kéékèèké kan wà lẹ́yìn táírọ́ìdì tó ń darí kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀, tíṣẹ́ abẹ bá dà wọ́n láàmú kálísíọ̀mù á já wálẹ̀, ohun téèyàn sì máa rí nìyẹn. A wọ Micra padà sí ọsibítù lálẹ́ ọjọ́ náà, tẹ́ẹ̀sì fi hàn bẹ́ẹ̀, wọ́n fún wọn ní kálísíọ̀mù àti fítámìn D, ara sì balẹ̀.

Oògùn wá ni iṣẹ́ gangan. Gbogbo táírọ́ìdì ni wọ́n yọ, levothyroxine ló máa ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe nínú ara títí ayé nìyẹn, àwọn kan ní kí wọ́n kàn máa jẹ iyọ̀ tó ní áyódíìnì dáadáa, ṣùgbọ́n áyódíìnì tí ò rí táírọ́ìdì tó máa fi í ṣe hòmónù, kí ló fẹ́ di? Omi nìkan ni wọ́n fi ń lo oògùn yìí, kí wọ́n tó jẹ ohunkóhun, á tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí ẹ̀kọ àti àkàrà tó tẹ̀lé e. Kálísíọ̀mù àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní áyọ́ọ̀nù (iron) gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó wákàtí mẹ́rin, mílíìkì sóyà náà kì í jẹ́ kó wọlé dáadáa. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ya ibi tí mò ń kó oògùn méjèèjì sí sọ́tọ̀, levothyroxine wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ike omi, tí wọ́n bá jí fún àsùbáà wọ́n á lò ó kí wọ́n tó lọ ṣe àlùwàlá, kálísíọ̀mù wà ní kíṣìnì, ọ̀sán ni tiẹ̀. Mi ò jẹ́ kí levothyroxine wà lójú fèrèsé tàbí nínú ọkọ̀, ooru ń bà á jẹ́. Ilé oògùn gidi ni mo ti ń rà á, mo sì máa ń ka nọ́ńbà ara páálí, 50 àti 100 (ìwọ̀n oògùn inú hóró kan) kì í ṣe nǹkan kan náà.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà a lọ ṣe TSH. Òtútù ti ń mú wọn nínú oòrùn Ìbàdàn, ó ń rẹ̀ wọ́n, ìgbẹ́ ò lọ déédéé. Nọ́ńbà yẹn ga, ẹ̀gbọ́n mi ní a jẹ́ pé oògùn ti pọ̀ jù, òdìkejì ni o: inú orí ni TSH ti ń wá, tí hòmónù bá kéré lára ló máa ń ga, torí náà ńṣe ni dókítà fi kún ìwọ̀n oògùn wọn. Wọ́n ti padà sọ́jà báyìí, a ṣì máa tún un yẹ̀ wò.

Ti ààwẹ̀ Ràmàdáánì ò jọ ti ojoojúmọ́, torí oúnjẹ sààrì. A bi dókítà ṣáájú, ó ní kí wọ́n máa lò ó kí wọ́n tó sùn, tó bá ti tó wákàtí mẹ́ta tí wọ́n ti jẹun ìṣínu. Ẹ tètè bi tiyín náà, ẹ má jẹ́ kó di alẹ́ tí wọ́n bá rí oṣù.