Bí A Ṣe Ń Fi Ìgbé Ayé Àtọmọdọ́mọ Kroatíà àti ti Íslándì ní Kánádà Wé Ara Wọn

Ẹni tó bá ṣí tábìlì ìkànìyàn Kánádà, tó wá ìlà tí wọ́n kọ "Croatian" sí àti èyí tí wọ́n kọ "Icelandic" sí, tó sì wo owó tó ń wọlé fún ẹgbẹ́ méjèèjì lọ́dún, lè rò pé iṣẹ́ ti parí, pé ẹgbẹ́ tí owó rẹ̀ bá ga jù ni ayé dẹrùn fún jù. Irú àfiwé bẹ́ẹ̀ yá kíákíá, ṣùgbọ́n ó ń ṣini lọ́nà, nítorí pé ohun tí àwọn iye wọ̀nyí ń fi hàn jù lọ ni ìgbà tí oníkálukú dé, ibi tí wọ́n tẹ̀dó sí, àti àwọn tó ṣì ń pe ara wọn ní ọmọ ilẹ̀ náà títí dòní. Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ tàbí akọ̀ròyìn tó fẹ́ ṣe àfiwé náà lọ́nà tí kò ní rẹ́ ẹgbẹ́ kankan jẹ.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ mú orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Àwọn ọmọ Kroatíà tàn ká Chile, Argentina, Ọsirélíà àti Jámánì, nígbà tó jẹ́ pé Àríwá Amẹ́ríkà ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ Íslándì tó ṣí kúrò nílé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún forí lé. Ní Amẹ́ríkà, ìkànìyàn ọdún 2000 ka 374,241 ènìyàn tó sọ pé Kroatíà ni orírun àwọn, ó sì ka 42,716 péré fún Íslándì. Bí ẹgbẹ́ kan bá kéré tó bẹ́ẹ̀, ìwádìí tó ń mú díẹ̀ lára àwọn ará ìlú láti fi mọ bí gbogbo wọn ṣe rí kì í bá wọn pàdé tó, iye tó bá sì jáde lè máa lọ sókè sódò lọ́dọọdún láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà nínú ayé wọn. Kánádà sàn jù fún iṣẹ́ yìí: nínú ìkànìyàn 2016, àwọn tó dárúkọ Kroatíà lé ní 130,000, àwọn tó dárúkọ Íslándì sì lé ní 100,000.

Ẹ ka ìtàn kí ẹ tó ka owó

Láàárín ọdún 1870 sí 1914, ó lé ní 14,000 ènìyàn tó kúrò ní Íslándì, erékùṣù kan tí àwọn ará ibẹ̀ kò ju nǹkan bí 70,000 lọ nígbà náà. Òtútù líle àti àìrí koríko fún àgùntàn wà lára ohun tó lé wọn, eérú òkè ayọnáyèéfín Askja tó bú ní oṣù Kẹta ọdún 1875 sì wá dà lé orí oko àwọn tó wà ní ìlà oòrùn erékùṣù náà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà ni ẹgbẹ́ kan lára wọn gúnlẹ̀ sí etí adágún Winnipeg ní apá ìwọ̀ oòrùn, tí wọ́n sì sọ ibùdó wọn ní Gimli, orúkọ gbọ̀ngàn ẹlẹ́wà kan nínú ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn baba ńlá wọn, níbi tí àwọn ẹni rere yóò máa gbé lẹ́yìn ìparun ayé. Òtútù ti dé kí wọ́n tó dé. Wọn kò bá ilé kankan níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò tíì mọ bí a ṣe ń dẹ àwọ̀n sábẹ́ yìnyín adágún, iṣẹ́ tí àwọn ọmọ wọn wá mọ̀ dunjú lẹ́yìn náà. Ní 1876, àrùn ìgbóná wọ àárín wọn, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 100. Àrùn yẹn kan náà run àwọn onílẹ̀ tó wà ní Sandy Bar, tí wọ́n ti ń gbé ibẹ̀ ṣáájú wọn, àwọn tó kù sì pàdánù ilẹ̀ wọn. Lójú tèmi, ẹni tó bá ń ròyìn bí àwọn ọmọ Íslándì ṣe rọ́wọ́ mú láìmẹ́nu kan ọwọ́ ẹni tí ilẹ̀ náà ti wá, ìdajì ìtàn ló sọ.

Lẹ́yìn ìyà wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ kọjá sí Dakota ní Amẹ́ríkà, àwọn mìíràn sì wọ ìlú Winnipeg. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ní ìwé ìròyìn tiwọn, Heimskringla ní 1886 àti Lögberg ní 1888. Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ìgbì ńlá kan ṣoṣo ni ìṣílọ wọn, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Fún ìdí èyí, ẹni tó bá dárúkọ Íslándì nínú ìkànìyàn lónìí, àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ ọmọ-ọmọ tàbí ọmọ ọmọ-ọmọ àwọn tó kọ́kọ́ dé.

Ti àwọn ọmọ Kroatíà yàtọ̀, nítorí pé wọ́n dé lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ṣáájú 1914, ọkùnrin tó dá wá láìsí ìyàwó lọ́dọ̀ ló pọ̀ nínú wọn, ohun tó sì wà lọ́kàn wọn ni kí wọ́n ṣiṣẹ́, kí wọ́n kó owó jọ, kí wọ́n padà sílé. Ní Dalmatia, etíkun Kroatíà, kòkòrò kan tó ń jẹ gbòǹgbò àjàrà ti pa ọgbà àwọn ènìyàn run, ilẹ̀ tó kù kò sì tó pín fún àwọn ọmọ. Nígbà tí Amẹ́ríkà fi òfin 1921 àti ti 1924 dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ọ̀pọ̀ yí ojú sí Kánádà, wọ́n sì wọ inú ihò wúrà ní Schumacher, ihò níkẹ́ẹ̀lì ní Sudbury àti ilé iṣẹ́ irin ní Hamilton, gbogbo wọn ní Ontario. Àwọn tí ogun lé kúrò nílé tún dé lẹ́yìn 1945. Nígbà tí Yugoslavia, orílẹ̀-èdè tí Kroatíà wà nínú rẹ̀ nígbà náà, ṣí ẹnubodè rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ní àwọn ọdún 1960, àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn. Ogun àwọn ọdún 1990 sì tún lé àwọn mìíràn wá. Nínú ìlà kan ṣoṣo tí ìkànìyàn kọ "Croatian" sí, ẹ ó bá ọmọ-ọmọ awakùsà, ẹ ó bá ẹni tó dé ní ọmọ ogún ọdún ní 1968 tó ti fẹ̀yìn tì báyìí, ẹ ó sì bá ẹni tí wọ́n gbé sá ogun wá nígbà tó wà ní kékeré ní 1993. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó dé lánàá lè máa gba owó oṣù tó dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tí ìdílé rẹ̀ ti wà níbẹ̀ fún ìran mẹ́rin, ṣùgbọ́n kò lè ní ilé àjogúnbá, ojúlùmọ̀ àti ẹni tí yóò ṣí ilẹ̀kùn fún un bíi tirẹ̀.

Ta ni wọ́n kà?

Lẹ́yìn ìtàn, ẹ yẹ orúkọ wò. Ẹ fojú inú wo ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní erékùṣù Brač ní Dalmatia ní 1885. Ìwé ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá ní 1907 lè kọ ọ́ sí ará Austria, nítorí pé abẹ́ Austria-Hungary ni ilẹ̀ rẹ̀ wà. Lẹ́yìn 1918, ọmọ Yugoslavia ni wọn yóò máa pè é. Ìgbà tí Kroatíà kéde òmìnira ní 1991 ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó lè tọ́ka sí orílẹ̀-èdè kan tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Nítorí náà, ẹ má ṣe ka ìlà "Croatian" nínú ìkànìyàn àtijọ́ sí iye gbogbo wọn. Ẹ wo ìlà "Austrian" àti "Yugoslav" pẹ̀lú, kí ẹ sì mọ̀ pé títí di òní, àwọn kan ṣì ń dáhùn pé Yugoslavia ni orírun àwọn. Ní ti àwọn ọmọ Íslándì, wàhálà tiwọn wà lára orúkọ ìdílé. Obìnrin tó ń jẹ́ Jónsdóttir nílé, èyí tó túmọ̀ sí ọmọbìnrin Jón, lè máa jẹ́ orúkọ baba ọkọ rẹ̀ ní Manitoba, ìgbèríko Kánádà tí Gimli wà, àwọn ọmọ rẹ̀ sì lè mú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ nìkan tọpasẹ̀ wọn nínú ìwé owó orí tàbí ìwé ilẹ̀ yóò sọ ọ̀pọ̀ nù.

Láti 1981 ni ìkànìyàn Kánádà ti ń jẹ́ kí ènìyàn dárúkọ orírun tó ju ẹyọ kan lọ. Èyí ṣe pàtàkì gan-an, nítorí pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó dárúkọ Íslándì ló tún dárúkọ ilẹ̀ mìíràn mọ́ ọn, bíi England, Scotland tàbí Ukraine, nígbà tí àwọn tó dárúkọ ilẹ̀ wọn nìkan pọ̀ díẹ̀ sí i láàárín àwọn ọmọ Kroatíà. Ẹni tó ní ìyá àgbà kan ṣoṣo láti Íslándì láàárín àwọn òbí àgbà mẹ́rin wà nínú iye yẹn. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ṣe àfiwé náà lẹ́ẹ̀mejì: ẹ kọ́kọ́ lo àwọn tó dárúkọ orírun kan ṣoṣo, kí ẹ tó wá lo gbogbo wọn. Bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì bá pòórá nínú ọ̀kan tó sì hàn nínú èkejì, ẹ ti rí ohun kan tó yẹ kí ẹ ṣàlàyé.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú kí ẹ tó fa ìlà láti ọdún kan dé òmíràn. Ìwádìí tí wọ́n fi rọ́pò fọ́ọ̀mù gígùn, ìyẹn fọ́ọ̀mù ìkànìyàn tó ń béèrè orírun, ní 2011 kì í ṣe dandan, ẹni tó bá wù ló dáhùn. Ní 2021, wọ́n yọ àpẹẹrẹ orírun tó máa ń wà lórí fọ́ọ̀mù kúrò, wọ́n sì fi ìlà íntánẹ́ẹ̀tì tó lọ sí ibi àkójọ orírun tó lé ní 500 rọ́pò rẹ̀. Bí wọ́n bá yí ìbéèrè padà, ìdáhùn yóò yí padà, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó kú tàbí ẹni tó ṣí lọ.

Ẹ to àwọn tó jọra sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn

Ní ti owó, iye àárín ni kí ẹ lò, kì í ṣe ìpíndọ́gba. Ẹ tò gbogbo ènìyàn láti orí ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù dé orí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù, kí ẹ mú ẹni tó dúró sí àárín. Olówó ńlá mẹ́ta kò lè fa iye yẹn sókè bí wọ́n ṣe ń fa ìpíndọ́gba. Ẹ tún rántí pé owó tí ìkànìyàn 2021 ròyìn jẹ́ ti ọdún 2020, ọdún tí ìjọba àpapọ̀ fún àwọn tí àjàkálẹ̀ àrùn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ní dọ́là Kánádà 2,000 fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin. Ìrànwọ́ yẹn gbé owó àwọn tó wà nísàlẹ̀ sókè fún ìgbà díẹ̀. Ẹ gbé owó 2015, tó wà nínú ìkànìyàn 2016, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìpín sí ìran ni iṣẹ́ tó ṣòro jù, òun náà ló sì lérè jù. Statistics Canada, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìkànìyàn náà, pín àwọn ènìyàn sí ìran kìíní, ìyẹn àwọn tí wọ́n bí sókè òkun. Ìran kejì, àwọn tí wọ́n bí sí Kánádà ṣùgbọ́n tí ọ̀kan ó kéré tán nínú òbí wọn wá láti òkèèrè. Àti ìran kẹta sókè, àwọn tí wọ́n bí àwọn àti òbí wọn méjèèjì sí Kánádà. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ àfinúrò kan ṣàlàyé ìdí rẹ̀, iye tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kankan. Ká ní ẹgbẹ́ Àkọ́kọ́ ní 100 ènìyàn, 40 jẹ́ ìran kìíní, 60 jẹ́ ìran kẹta. Ẹgbẹ́ Kejì náà ní 100, ṣùgbọ́n 10 péré ni ìran kìíní, 90 sì jẹ́ ìran kẹta. Ká tún ní nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, ẹni 20 nínú 100 ló gboyè yunifásítì láàárín ìran kìíní, àti 30 nínú 100 láàárín ìran kẹta. Ẹgbẹ́ Àkọ́kọ́ yóò ní ẹni 8 àti ẹni 18, àpapọ̀ 26. Ẹgbẹ́ Kejì yóò ní ẹni 2 àti ẹni 27, àpapọ̀ 29. Tábìlì yóò sọ pé ẹgbẹ́ Kejì kàwé ju Àkọ́kọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní ìran kọ̀ọ̀kan, wọ́n dọ́gba délẹ̀délẹ̀. Gbogbo ìyàtọ̀ náà wá láti ara iye àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ bí ọjọ́ orí kò bá dọ́gba: ẹgbẹ́ tó ní àwọn tó ti fẹ̀yìn tì púpọ̀ yóò fi owó kékeré hàn, bí ilé wọn tilẹ̀ ti jẹ́ tiwọn láìsí gbèsè. Ẹ mú àwọn ọmọ ọdún 25 sí 54 nìkan nígbà tí ẹ bá ń wo owó iṣẹ́.

Ibi tí wọ́n ń gbé náà lọ́wọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Manitoba ni ọkàn àwọn ọmọ Íslándì, Ontario ni ti àwọn ọmọ Kroatíà, pàápàá Toronto àti àwọn ìlú tó yí i ká. Owó oṣù Toronto ga, ṣùgbọ́n owó ilé ń gbé e mì. Ẹ fi àwọn ará Ontario wé ará Ontario, àti ará ìlú ńlá wé ará ìlú ńlá, kí ẹ tó sọ pé ẹnì kan là ju ẹnì kan lọ.

Àwọn ohun kan wà tí tábìlì kò lè sọ. Ní 1894, àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ Kroatíà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní agbègbè Pittsburgh, èyí tó ń jẹ́ Croatian Fraternal Union lónìí, tí àwọn ẹ̀ka rẹ̀ sì dé Kánádà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń dá owó, bí ihò bá wó lu ọ̀kan nínú wọn, ẹgbẹ́ á sin ín, á sì fún opó rẹ̀ lówó. Lásìkò tí kò sí adójútòfò tó fẹ́ rí awakùsà sójú, ọrọ̀ gidi ni ìyẹn jẹ́, àmọ́ kò sí nínú owó tó ń wọlé. Lọ́dọ̀ àwọn ọmọ Íslándì, ìwé ìròyìn méjèèjì tí mo dárúkọ di ọ̀kan ní 1959, Yunifásítì Manitoba ti ní àga ọ̀jọ̀gbọ́n fún èdè wọn láti 1951, àjọ̀dún Íslendingadagurinn tó bẹ̀rẹ̀ ní Winnipeg ní 1890 sì ti wà ní Gimli láti 1932. Bí ẹ bá wo ìbéèrè nípa èdè tí wọ́n ń sọ nílé nìkan, ẹ ó rò pé àṣà Íslándì ti kú tán ní Manitoba. Nítorí náà, ẹ ka ìwé ìròyìn wọn, ẹ lọ bá àwọn àgbà ìjọ àti akọ̀wé ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì béèrè ohun tí ìdílé wọn ní, ẹni tó fún wọn níṣẹ́ àkọ́kọ́ àti ìgbà tí wọ́n ra ilé.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ àbájáde yín, ẹ kọ ọdún, ìran, agbègbè àti irú ìdáhùn orírun sí ẹ̀gbẹ́ iye kọ̀ọ̀kan. Àwọn iye inú tábìlì Statistics Canada ni wọ́n máa ń yí sókè tàbí sódò, láìtẹ̀lé ètò kan pàtó, sí iye tó ṣeé fi 5 pín láti dáàbò bo àṣírí àwọn ènìyàn, nítorí náà ẹ má ṣe kọ́lé sórí ìyàtọ̀ ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún ní ìlú kékeré, kí ẹ sì da irú ìlú bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ agbègbè tó yí i ká kí ẹ tó ṣírò.