Bí A Ṣe Ń Gba Ìrántí Ìgbà Èwe Sílẹ̀ Lẹ́nu Àgbà Tó Dàgbà ní Liverpool

Àwọn tó jẹ́ ọmọdé ní ìlú Liverpool láàárín ọdún 1945 sí 1960 ti di arúgbó báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì wà lọ́wọ́ àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà, tàbí kí wọ́n jẹ́ àna fún àwọn tó ṣe ìgbéyàwó sínú ẹbí wọn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, a sì ń gbọ́, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ náà ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Mo kọ èyí fún ẹni tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn wà nílẹ̀, nítorí ó ṣì ń dùn mí pé mo jẹ́ kí ti àwọn mélòó kan ṣòfò kí n tó mọ bí a ṣe ń ṣe é.

Orí ohun kan ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé: ẹ má bi àgbà léèrè bí ìgbà èwe rẹ̀ ṣe rí. Ìbéèrè gbàǹgbà bẹ́ẹ̀ kì í mú ìdáhùn wá ju pé àwọn kò lówó ṣùgbọ́n inú àwọn dùn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo ará ìlú náà ló lè fún yín ní ìdáhùn yẹn. Ibi tí wọ́n ń fi báàfù páànù kọ́ sí ni kí ẹ béèrè.

Kí ẹ tó jókòó tì í, ẹ wá máàpù àdúgbò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ máàpù àtijọ́ tí àjọ Ordnance Survey yà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì National Library of Scotland, ti ilẹ̀ England náà sì wà níbẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní títóbi nítorí ojú àgbà. Ó ṣeé ṣe kí òpópónà tí wọ́n bí i sí má sí mọ́, nítorí ìjọba ìlú wó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ògbólógbòó, wọ́n sì kó àwọn tó ń gbé inú wọn lọ sí ibi bíi Speke, àti Kirkby tí iṣẹ́ ilé kíkọ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1952. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, orí bébà nìkan ni òpópónà náà kù sí. Ẹ ní kí ó fi ìka rìn láti ẹnu ọ̀nà ilé wọn dé ilé ìwé. Ìyá àgbà kan tí mò ń tọ́jú ti sọ fún mi nígbà mẹ́ta pé òun kò rántí nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí mo tẹ́ máàpù síwájú rẹ̀, ìka rẹ̀ rìn díẹ̀, ó dúró ní kọ̀rọ̀ kan, ó ní, "Búrẹ́dì." Ó tún rìn, ó ní, "Ajá." Ajá kan wà ní ilé kẹta sí ìsàlẹ̀ tó máa ń lé e, ìdí nìyẹn tó fi máa ń sọdá sí òdìkejì títì kó tó débẹ̀, bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ìka rẹ̀ sọdá lórí bébà.

Bí ó bá ti gbàgbé nọ́ńbà ilé, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí ìwé ètò ìkànìyàn. Iná jó ti ọdún 1931 ti ilẹ̀ England ní ọdún 1942, ogun kò jẹ́ kí wọ́n ṣe ti 1941, ti 1951 sì wà ní títì títí yóò fi pé 100 ọdún. Ohun tó kù fún yín ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ tí ìjọba ṣe ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, tí ẹ ti lè rí àwọn òbí rẹ̀ níbẹ̀, àti ìwé orúkọ àwọn olùdìbò, tí ẹ lè béèrè ní Liverpool Record Office nínú Central Library.

Bí ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ni kí ẹ gbà wọlé. Yàrá méjì nísàlẹ̀, yàrá méjì lókè, ni ọ̀pọ̀ ilé àwọn òṣìṣẹ́, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ a sì wà ní ìpẹ̀kun àgbàlá kékeré. Ta ló ń gé ìwé ìròyìn sí ègé kéékèèké tí wọ́n fi ń kọ́ sára ìṣó níbẹ̀? Ta ló ń kọ́kọ́ wẹ̀ nínú omi báàfù, ta sì ni omi náà ń kàn nígbà tó bá ti tutù? Ta ló ń gbé èédú wọlé? Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ aṣọ fífọ̀ nínú ọ̀pọ̀ ilé. Níbo ni wọ́n ń sá aṣọ sí bí òjò bá ń rọ̀, kí sì ni ọmọ tó ti ilé ìwé dé máa ń bá jẹ nígbà tí ọwọ́ ìyá bá wà nínú omi ọṣẹ? Ìbéèrè bí ìwọ̀nyí kéré, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí àgbà tí kò ní ìdáhùn sí ọ̀kan kéré tán, ìdáhùn kan a sì fa òmíràn.

Ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde gan-an ni kí ẹ kọ. Ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ẹ̀yìn ilé sí ẹ̀yìn ilé, "jigger" tàbí "entry" ni ọmọ Liverpool ń pè é, ọmọ Leeds a máa pè é ní "ginnel," ọmọ Hull a ní "tenfoot." Gíláàsì róbótó tí àwọn ọmọdé fi ń ta, "ollies" ni ní Liverpool. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ rọ́pò rẹ̀, ẹ ti gbé e kúrò nílùú rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí ẹ óò gbọ́ lemọ́lemọ́ ni ọ̀rọ̀ nípa àlàpà ilé tí bọ́ǹbù wó. Láti ọjọ́ 1 sí ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1941, àwọn ará Jámánì rọ̀jò bọ́ǹbù lé ìlú náà lóru méje léra wọn, àlàpà ilé sì wà káàkiri fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ogun. Orí àlàpà yìí ni àwọn ọmọ ń ṣeré: wọ́n ń gun ògiri tó ti wó, wọ́n ń ṣa igi tí wọn yóò fi dáná ńlá ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá. Ayọ̀ ni wọ́n fi máa ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àwọn ènìyàn kan kú síbẹ̀. Bí àgbà bá dákẹ́ lójijì, ẹ gbé kálámù sílẹ̀, kí ẹ má sì kù gìrì béèrè òmíràn. Ẹ jẹ́ kó dákẹ́ tó bó ṣe fẹ́.

Ẹ má sì rò pé ìgbà èwe kan náà ni gbogbo ọmọ ìlú náà ní. Àwọn kan wà ní àdúgbò Toxteth tí bàbá wọn jẹ́ atukọ̀ láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tó bá ọkọ̀ ojú omi Elder Dempster dé èbúté Liverpool, tó sì fẹ́ ìyàwó síbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1948, àwọn jàǹdùkú kọlu àwọn atukọ̀ aláwọ̀ dúdú nínú ìlú náà. Ọmọ tó wà nílé lálẹ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè gbàgbé. Mo gbà pé ìtàn àwọn wọ̀nyí ló yẹ kí á kọ́kọ́ sáré gbà sílẹ̀, nítorí àwọn tó ti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn kò pọ̀.

Ẹ fi nǹkan sí wọn lọ́wọ́. Owó ẹyọ àtijọ́ kò wọ́n: tọ́rọ́ onígun méjìlá, sísì, ṣílè. Pẹ́nì 12 ló ń jẹ́ ṣílè kan, ṣílè 20 sì ni pọ́ùn kan, títí di ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 1971. Ẹ má ṣírò rẹ̀ sí owó òní. Bó bá ní tọ́rọ́, ẹ kọ tọ́rọ́, kí ẹ sì béèrè ohun tó fi rà.

Ọjọ́ àti ọdún ni iṣẹ́ tó gba sùúrù jù, ẹ̀yìn ìjókòó ni ẹ óò sì ti ṣe é. Mo ti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà kan rí láti tún ọdún kan ṣe fún un. Ó gbà pé òótọ́ ni, ó sì dákẹ́, ìyókù ìtàn náà kò jáde mọ́. Ìyá àgbà tí mo sọ lókè ní ẹ̀gbọ́n òun mú òun wọ Overhead Railway, ọkọ̀ ojú irin orí afárá tí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ń pè ní agbòjò nítorí pé wọ́n máa ń rìn lábẹ́ rẹ̀ nígbà òjò. Pé wọ́n wọ ọkọ̀ tíráámù padà, wọ́n sì ń jẹ súìtì tí wọ́n rà láìlo ìwé ìpín oúnjẹ. Ọdún 1946 ni wọ́n bí i. Ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1953 ni wọ́n tú súìtì sílẹ̀ pátápátá, nítorí pé ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ ní 1949, oṣù díẹ̀ ni wọ́n fi tún dè é. Overhead Railway kógbá sílé ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1956, tíráámù ìkẹyìn sì rìn ní Liverpool ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1957. Ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá ni nígbà náà, ìtàn rẹ̀ sì dúró. Ká ní Manchester ló ti sọ ti súìtì nínú tíráámù ni, kò ní bára mu, nítorí tíráámù ti parí níbẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 1949. Ìyẹn kò sọ ọ́ di irọ́: ọjọ́ méjì ló dàpọ̀ di ọ̀kan. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ kọ àlàyé tiyín sí ẹ̀gbẹ́ ìwé.

Ẹ gbàṣẹ kí ẹ tó fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí àwọn ọmọ rẹ̀ sì mọ̀, pàápàá bí ó bá ti ń gbàgbé nǹkan. Ẹ má gbé e síta láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí i. Alẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ kọ ọ́, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì padà lọ kà á fún un. Mo ka ìtàn ajá fún ìyá àgbà náà bí mo ṣe kọ ọ́. Ó gbọ́ ọ parí, ó mi orí, ó ní ajá náà kò dúdú, pé àwọ̀ rẹ̀ dà bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, àti pé lọ́jọ́ tó kú, òun sunkún títí dé ilé ìwé. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, mo sì tún gbogbo rẹ̀ kà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.