Mo kọ ọ́, kò jáde: ìbéèrè àwọn tó ń kọ èrò ojoojúmọ́ sójú ewé ara wọn

Mo ti dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí lórí fóònù, nínú mọ́tò, àti nídìí àmàlà ní Bódìjà. Ó ti sú mi. Ẹni tó bá ń kọ ìlà méjì, mẹ́ta sórí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, kó ka èyí kó tó pè mí.

Mo kọ ọ́, kò jáde.
Ṣé ẹ tẹ «Publish»? Ṣé dátà ò tíì tán?

Aago méjìlá ààbọ̀ òru ni mo kọ ọ́, ọjọ́ àná ló gbé sí i.
Aago UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni WordPress, ètò tẹ́ ẹ fi ń kọ ojú ewé yín, ń lò, tiwa sì fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀. Ẹ lọ sí Settings, ẹ mú Lagos. Ẹ má wá Ìbàdàn, kò sí níbẹ̀.

Ó ń béèrè àkọlé, èrò mi ò ní àkọlé.
Ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Nọ́ńbà ni WordPress á lò nínú àdírẹ́sì rẹ̀, RSS, tó ń gbé ohun tẹ́ ẹ kọ lọ fún àwọn tó ń tẹ̀lé yín, náà ò sì sọ àkọlé di dandan. Ẹnì kan ní kí n bá òun wá àkọlé fún «Òjò ti ṣú». Kí ni mo fẹ́ pè é?

Mo fi èrò náà ránṣẹ́ sí ìyá mi lórí SMS, owó ìlọ́po méjì ni wọ́n yọ.
Lẹ́tà 160 ni SMS kan ń gbà. Ẹ fi «ọ» kan ṣoṣo sínú rẹ̀, ó di 70.

Àpótí ló ń hàn dípò lẹ́tà tó ní àmì.
Fọ́ńtì ni. Ẹ lo Noto Sans.

Mo ń wá ọ̀rọ̀ tó dá mi lójú pé mo kọ, kò rí i.
Ẹ jókòó. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni èyí fi fojú mi rí màbo. Bí mo bá ti jẹ gbẹ̀gìrì níbì kan, mo máa ń kọ ìlà kan nípa rẹ̀: ibi tó ti ṣàn bí omi, ibi tí wọ́n ti fi ewédú bò ó mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ kó wọn jọ, mo tẹ «gbẹ̀gìrì», mẹ́rin péré ló jáde. Wọ́n ju ogún lọ! Mo bú ẹni tó kọ ètò ìwákiri náà. Èmi náà ni mo kọ ọ́.

Ojú ló ń tàn wá jẹ. Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà àti àmì ní nọ́ńbà nínú ẹ̀rọ, ò ní nọ́ńbà ẹyọ kan fún «ẹ̀». Fóònù mi ń kọ «ẹ», 1EB9, kó tó gbé àmì dò, 0300, lé e lórí. Kọ̀ǹpútà mi ń bẹ̀rẹ̀ látorí «è», 00E8, kó tó fi àmì róbótó, 0323, sí i nídìí. Lójú, ìbejì ni wọ́n. Ètò tèmi tó ń fi nọ́ńbà wé nọ́ńbà kò mọ̀ pé wọ́n bára tan. NFC, ọ̀nà tí Unicode fi ń to lẹ́tà àti àmì wọn bákan náà, ni oògùn rẹ̀, òun ló ń sọ méjèèjì di ọ̀kan. Mo lò ó, mẹ́rin di mẹ́tàlá.

Àwọn yòókù ńkọ́? Mo tú lẹ́tà wọn palẹ̀, mo ń wo nọ́ńbà wọn níkọ̀ọ̀kan títí iná fi lọ. Nígbà tí iná dé ni mo rí i: ìlà òòró kékeré, 0329, ló wà nídìí «e» wọn, bíi ti inú ìwé àtijọ́. Kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ kan tí mo gbà sórí fóònù nígbà kan ló ṣe é. NFC ò ní fọwọ́ kan ìyẹn, àmì ọ̀tọ̀ ló kà á sí. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tẹ́ ẹ ti kọ, kẹ́ ẹ pààrọ̀ 0329 sí 0323, kẹ́ ẹ wá lo NFC.

Ṣé kí n pe ẹni tó mọṣẹ́?
Nítorí aago àti àkọlé? Rárá o. Àmọ́ bí «áº¹» bá ti ń jáde níbi tó yẹ kí «ẹ» wà, ẹ gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀, ẹ má tẹ «Save». Ẹ pe ẹni tó mọ database, ìyẹn ibi tí ojú ewé yín ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, kì í ṣe àbúrò yín tó ń ta ẹ̀yà ara fóònù.